Ṣé a lè gba àtẹ ìran tí ó sọ pé ìdílé ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì kan ti wà láti ọdún 1066 gbọ́?

Òǹtọpasẹ̀ béèrè:

Ẹ̀yin àgbà tí ẹ ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ ìtàn ìran, mo kí yín o. Ó ti di ọdún mẹ́ta báyìí tí mo ti ń tọpasẹ̀ ìdílé onílẹ̀ kan ní Warwickshire, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọn kì í ṣe olóyè tí ń jókòó ní Ilé Aṣòfin Àgbà. Ọlọ́lá ìgbèríko ni wọ́n, irú àwọn tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní gentry, tí wọ́n ní ilẹ̀, tí wọ́n ní àmì ìdílé tí wọ́n ń yà sórí asà, tí ọba sì máa ń yan ọ̀kan lára wọn ṣe adájọ́ àdúgbò. N kò ní dárúkọ wọn níbí, nítorí àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ṣì wà láàyè.

Ohun mẹ́ta ni ó rú mi lójú. Èkíní ni pé ìwé kan tí wọ́n tẹ̀ ní àárín ọ̀rúndún 19 so ìdílé yìí mọ́ jagunjagun kan tí ó bá Ọba William Aṣẹ́gun wá láti Normandy ní 1066. Ìran mẹ́rìnlá ni ìwé náà tò láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin yẹn títí dé nǹkan bí ọdún 1540, orúkọ nìkan ni ó sì kọ, kò fi ọjọ́ kan ṣoṣo tì í. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo yẹ àkọsílẹ̀ tí àwọn herald, ìyẹn àwọn òṣìṣẹ́ ọba tí ń bójú tó àmì asà àti àtẹ ìran, ṣe ní Warwickshire ní 1619 wò, orí bàbá bàbá ẹni tí ó fọwọ́ sí i ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀, wọn kò sì gòkè ju ibẹ̀ lọ. Ẹ̀rí tí òǹkọ̀wé ọ̀rúndún 19 náà gbé kalẹ̀ ni pé àmì asà ìdílé yìí jọ ti ìdílé jagunjagun náà.

Èkejì ni pé ọkùnrin kan tí ó jogún gbogbo ilẹ̀ náà ṣe ìrìbọmi ní ọjọ́ 14 oṣù kejì 1641, ṣùgbọ́n nínú ìwé ìjọ kan náà, oṣù kẹrin 1641 ni àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Ṣé ọmọ àlè ni? Bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, báwo ni ó ṣe jogún?

Ẹ̀kẹta ni pé ní ọ̀rúndún 18, ilẹ̀ náà bọ́ sọ́wọ́ ọkùnrin kan tí orúkọ ìdílé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá, tí ó wá yí orúkọ tirẹ̀ padà sí tiwọn. Ìwé náà ń bá àtẹ rẹ̀ lọ bí ẹni pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Ṣé ìdílé kan náà ni a ṣì lè pè wọ́n lẹ́yìn èyí?

Akọ̀wé Àtijọ́ fèsì:

Ìbéèrè kejì ni n óò kọ́kọ́ mú, nítorí pé òun ni ó rọrùn jù lọ. Kì í ṣe ọmọ àlè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, títí di ọdún 1751, ọjọ́ 25 oṣù kẹta ni ọdún tuntun ń bẹ̀rẹ̀ nínú ìwé òfin àti nínú ìwé ìjọ. Oṣù kejì 1641 tí ẹ rí nínú ìwé yẹn wá lẹ́yìn oṣù kẹrin 1641, òun gan-an ni àwa òde òní ń pè ní oṣù kejì 1642. Oṣù mẹ́wàá ni ó wà láàárín ìgbéyàwó àti ìrìbọmi náà. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ báyìí: 14 oṣù kejì 1641/2, kí ẹni tí ó bá ka iṣẹ́ yín lẹ́yìnwá ọ̀la má baà tún ṣubú sínú kòtò kan náà. Ọdún 1752 ni ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ọdún láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní, ṣùgbọ́n àwọn ará Scotland ti ń ṣe bẹ́ẹ̀ láti 1600. Ẹni tí ó bá ń tọpasẹ̀ ìdílé tí ó ní ilẹ̀ ní orílẹ̀-èdè méjèèjì gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ra gidigidi.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ ìdí tí ìbéèrè yìí fi wúwo tó bẹ́ẹ̀ fún àwọn ìdílé wọ̀nyí. Láti ìgbà ìpàdé Merton ní 1236, nígbà tí àwọn ìjòyè kọ̀ jálẹ̀ pé àwọn kò ní yí òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì padà, ìgbéyàwó tí àwọn òbí bá ṣe lẹ́yìn tí wọ́n ti bímọ kò lè sọ ọmọ náà di àrólé. Òfin tí ó tú èyí sílẹ̀ ní 1926 pàápàá yọ oyè àjogúnbá sílẹ̀. Ní Scotland, òdìkejì ni: ìgbéyàwó tí ó tẹ̀ lé ìbí ń wẹ ọmọ mọ́, ó sì lè joyè.

Ẹ wo ọ̀ràn ìdílé Berkeley. Nígbà tí Earl karùn-ún ti Berkeley kú ní 1810, àkọ́bí rẹ̀ lọ sí Ilé Aṣòfin Àgbà láti béèrè oyè bàbá rẹ̀. Kò sí ẹni tí ó jiyàn pé Earl náà gbé ìyá rẹ̀, Mary Cole, níyàwó ní 1796. Ìgbéyàwó mìíràn ni wọ́n ń jà lé lórí, èyí tí wọ́n ní ó ti wáyé ní ìjọ Berkeley ní 1785, kí wọ́n tó bí ọmọkùnrin náà. Wọ́n gbé ìwé ìjọ jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ní 1811 Ilé Aṣòfin Àgbà dájọ́ pé ìgbéyàwó 1785 náà kò fìdí múlẹ̀. Bí àkọ́bí àti àwọn àbúrò rẹ̀ tí a bí ṣáájú 1796 ṣe pàdánù oyè nìyẹn. Ẹ̀tọ́ bọ́ sọ́dọ̀ àbúrò wọn tí a bí lẹ́yìn ìgbéyàwó tí ó dájú, òun náà kò sì lo oyè náà títí ó fi kú. Síbẹ̀, àkọ́bí yẹn ni ó gba ilé olódi Berkeley àti ilẹ̀ ibẹ̀, nítorí pé bàbá rẹ̀ ti fi sílẹ̀ fún un nínú ìwé ìhágún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn: oyè ní ọ̀nà tirẹ̀, ilẹ̀ ní ọ̀nà tirẹ̀. Rírí tí a rí ẹnì kan lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀ kò tíì fi hàn pé a bí i nínú ìgbéyàwó.

Ọmọ Òpìtàn fèsì:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ní ti ìbéèrè kìíní, èrò tèmi ni pé kí ẹ di àkọsílẹ̀ 1619 náà mú ṣinṣin, kí ẹ sì pa ìwé ọ̀rúndún 19 tì. Láti 1530 títí dé 1688 ni àwọn herald ti ń lọ káàkiri àwọn ẹkùn pẹ̀lú àṣẹ ọba. Wọ́n á pe àwọn ọlọ́lá sí ìlú ọjà kan, wọ́n á ní kí wọ́n mú ìwé ilẹ̀, òǹtẹ̀ àti ẹ̀rí mìíràn wá láti fi hàn pé wọ́n ní ẹ̀tọ́ sí àmì asà tí wọ́n ń lò. Ẹni tí kò bá rí ẹ̀rí mú wá, wọn a máa kéde orúkọ rẹ̀ ní gbangba pé kì í ṣe ọlọ́lá. Olórí ìdílé ni ó sì ń fọwọ́ ara rẹ̀ sí àtẹ ìran náà. N kò rò pé ẹ̀rí kan tún wà tí ó lágbára ju ìyẹn lọ.

Ìyá Onítàn fèsì:

Ọmọ Òpìtàn, o ṣeun, òótọ́ pọ̀ nínú ohun tí o sọ, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí a gbé àwọn herald ga ju bí ó ti yẹ lọ. Ẹni tí ó fọwọ́ sí àtẹ ní 1619 mọ bàbá rẹ̀, ó mọ bàbá bàbá rẹ̀, ó sì mọ àwọn àbúrò bàbá rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fẹ́ ìyàwó. Fún ìwọ̀nba ìran tí ó mọ̀ yẹn, ẹ̀rí rẹ̀ dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó bá ti kọjá ìrántí rẹ̀, ohun tí wọ́n sọ fún un ni, tàbí ohun tí ó wù ú kí ó jẹ́ òótọ́. Ìdí nìyí tí inú mi fi dùn pé àtẹ 1619 tí Òǹtọpasẹ̀ rí kò gòkè ju bàbá bàbá lọ. Ọkùnrin yẹn kò purọ́. Bí ìdílé náà bá mọ jagunjagun kan láti Normandy nígbà náà, wọn ì bá ti dárúkọ rẹ̀ fún herald, nítorí pé kò sí ohun tí ó ń buyì kún ènìyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ láyé ìgbà yẹn.

Ohun kejì: ẹ béèrè pé irú ẹ̀dà wo ni ẹ kà. Àwọn ojúlówó ìwé àbẹ̀wò àwọn herald wà ní College of Arms, ilé iṣẹ́ àwọn herald ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí tí Ọba Richard Kẹta dá sílẹ̀ ní 1484. Ẹ̀dà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń kà ni èyí tí ẹgbẹ́ Harleian Society, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1869, ń tẹ̀ jáde, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni wọ́n sì tẹ̀ láti inú àdàkọ tí ó wà ní British Library. Àwọn tí àdàkọ wọ̀nyẹn gba ọwọ́ wọn kọjá fi ìran mìíràn kún un, wọ́n sì so ìdílé méjì pọ̀ nígbà mìíràn láìsí ẹni tí ó fọwọ́ sí i.

Herald fúnra rẹ̀ náà lè jẹ́ orísun ayédèrú. Àpẹẹrẹ tí mo máa ń lò ni ìdílé Spencer ti Althorp. Àgùntàn ni ó sọ ìdílé yẹn di ọlọ́rọ̀. John Spencer ra Althorp ní Northamptonshire ní 1508, nígbà tí ó sì di 1603, àtọmọdọ́mọ rẹ̀ Robert ti di Baron. Ní òpin ọ̀rúndún 16, Richard Lee, ọ̀kan nínú àwọn àgbà herald, ṣe àtẹ kan tí ó so wọ́n mọ́ ìdílé Despenser, àwọn ìjòyè ńlá ayé Ọba Edward Kejì. Ó tó nǹkan bí 300 ọdún tí wọ́n fi ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí jáde, kí òpìtàn J. H. Round tó tú u palẹ̀ ní 1901, tí ó fi hàn pé ńṣe ni wọ́n kó àwọn Spencer tí kò tan mọ́ ara wọn jọ sínú ìlà kan. Ohun tí ó dùn mí nínú ọ̀ràn náà ni pé ìtàn òtítọ́ wọn, ti darandaran tí ó fi òye àti iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ gòkè débi oyè, dára ju èyí tí wọ́n rà lọ.

Ní ti ìjọra àmì asà, kì í ṣe ẹ̀rí ìran rárá. Orúkọ ìdílé kọ́ ni ó ni àmì asà. Ẹni tí wọ́n fún àti àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ lọ́kùnrin ni ó ni ín. Ìdílé tuntun tí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti ìdílé àtijọ́ a máa béèrè fún àmì tí ó jọ tiwọn, herald á sì yí àwọ̀ tàbí ohun kékeré kan padà nínú rẹ̀ kí ó tó fún un. Irú ìjọra báyìí lè túmọ̀ sí pé wọn kò tan mọ́ ara wọn, ìyẹn ni wọ́n sì ṣe nílò ìyàtọ̀.

Ẹ tún wo orúkọ ìdílé fúnra rẹ̀. Ní 1066, orúkọ ìdílé tí ń ti ọwọ́ bàbá bọ́ sọ́wọ́ ọmọ kò tíì fìdí múlẹ̀. Bàbá lè máa jẹ́ orúkọ abúlé kan, kí ọmọ rẹ̀ máa jẹ́ orúkọ abúlé mìíràn tí ó ń gbé. Bí ẹ bá rí ẹnì kan tí ń jẹ́ “de” (ìyẹn “ará”) abúlé kan ní 1166, tí ẹ sì rí ẹlòmíràn ní 1300, abúlé ni ó so wọ́n pọ̀, ẹ̀jẹ̀ lè má sí níbẹ̀. Àwọn ìdílé tí a lè fi ìwé tọpasẹ̀ wọn lọ́kùnrin kọjá 1066 ṣọ̀wọ́n púpọ̀. Ìdílé Arden wà lára wọn, ní Warwickshire tí ẹ ń ṣiṣẹ́ lé lórí yìí gan-an, tí wọ́n ṣẹ̀ wá láti ọ̀dọ̀ Turchil tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé Domesday, àkọsílẹ̀ àwọn onílẹ̀ tí Ọba William ní kí wọ́n ṣe ní 1086. Gẹ̀ẹ́sì sì ni Turchil, kì í ṣe ará Normandy.

Ohun tí mo bẹ̀ yín pé kí ẹ ṣe nìyí. Ẹ fi ìwé ọ̀rúndún 19 yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ bàbá bàbá tí àtẹ 1619 dárúkọ. Láti ayé Ọba Henry Kẹta títí dé ayé Charles Kìíní, nígbàkigbà tí ẹni tí ó gba ilẹ̀ tààrà lọ́wọ́ ọba bá kú, òṣìṣẹ́ ọba á pe àwọn ará àdúgbò jọ láti búra, wọ́n á sì sọ ilẹ̀ tí ó ní, ọjọ́ tí ó kú, orúkọ àrólé rẹ̀ àti ọjọ́ orí àrólé náà. Bí kò bá ní ọmọkùnrin, gbogbo àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n á kọ, nítorí pé wọ́n jọ máa pín in dọ́gba ni. Kò sí ìwé mìíràn tí mo fẹ́ràn tó wọ̀nyí, torí pé ọba ń wá owó rẹ̀ níbẹ̀, àwọn tí ó búra kò sì ní ìdí láti bu iyì kún ẹnikẹ́ni. Ní National Archives, ní Kew, ni wọ́n wà. Níbẹ̀ náà ni ẹ̀dà ìwé ìhágún tí wọ́n fìdí rẹ̀ múlẹ̀ ní kóòtù bíṣọ́ọ̀bù àgbà ti Canterbury wà, láti òpin ọ̀rúndún 14 títí di oṣù kìíní 1858. Ìwé ìjọ kò lè ràn yín lọ́wọ́ ṣáájú 1538, ọdún tí Thomas Cromwell, òjíṣẹ́ àgbà Ọba Henry Kẹjọ, pàṣẹ pé kí ìjọ kọ̀ọ̀kan máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀.

Ẹ sì bi ara yín léèrè ìdí tí ìtàn tí ó dájú fi bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1540. Láti 1536 sí 1540 ni Ọba Henry Kẹjọ tú àwọn ilé àwọn mọ́ńkì ká, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ta ilẹ̀ wọn. Ọ̀pọ̀ ìdílé tí a ń pè ní ti àtayébáyé, ọjà yẹn ni ó bí wọn.

Aṣèwádìí fèsì:

Gbogbo ohun tí Ìyá Onítàn sọ ni mo fara mọ́. N óò mú ìbéèrè kẹta, ti orúkọ tí ó yí padà, kí n sì fi ọ̀rọ̀ kékeré kan kún un nípa DNA.

Orúkọ àti ilẹ̀ lè máa bá a lọ nígbà tí ìlà ọkùnrin ti kú. Ìdílé Percy ti Northumberland ni kí ẹ wò. Josceline Percy, Earl kọkànlá, kú ní 1670 láìní ọmọkùnrin tí ó wà láàyè. Elizabeth ọmọbìnrin rẹ̀ fẹ́ Duke kẹfà ti Somerset, tí ń jẹ́ Seymour. Ọmọ-ọmọ Elizabeth yìí, tí òun náà ń jẹ́ Elizabeth, ni Sir Hugh Smithson, baronet (oyè àjogúnbá tí ó kéré sí ti Baron) láti Yorkshire, gbé níyàwó ní 1740. Ní 1750 Smithson gba orúkọ Percy nípa òfin Ìgbìmọ̀ Aṣòfin, ní 1766 ó sì di Duke ti Northumberland. Láti ìgbà náà títí dòní, Percy ni gbogbo wọn ń jẹ́, bẹ́ẹ̀ sì ni Smithson ni wọ́n ní ìlà bàbá. (Ọmọ àlè kan tí Duke yìí bí, James Smithson, ni ó fi owó rẹ̀ sílẹ̀ fún ilé ìmọ̀ tí ó wà ní Washington báyìí.) Bákan náà ni oyè Duke ti Marlborough gba ọ̀dọ̀ àwọn ọmọbìnrin kọjá, nítorí pé òfin pàtàkì kan ti 1706 fàyè gbà á. Spencer ni àwọn tí ó ń jẹ ẹ́ láti 1733, ọdún 1817 ni wọ́n sì tó fi Churchill kún orúkọ wọn.

Nítorí náà, ìdáhùn mi ni pé ìdílé kan náà ni bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ilé àti ilẹ̀, ìdílé mìíràn ni bí ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìlà ọkùnrin. Lórí àtẹ yín, ẹ kọ orúkọ tí wọ́n fi bí ọkùnrin náà, kí ẹ kọ orúkọ tí ó gbà àti ọdún tí ó gbà á, kí ẹ sì wá ìwé ìhágún tí ó fi ìyípadà orúkọ náà ṣe ìdí kí ó tó lè jogún. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dá mi lójú pé ẹ óò rí ọ̀kan, nítorí pé bí àwọn onílẹ̀ tí kò ní ọmọkùnrin ṣe ń ṣe nìyẹn.

Ní ti DNA, ẹ má rò pé yóò jẹ́rìí gbe ìwé nígbà gbogbo. Nígbà tí wọ́n hú egungun Ọba Richard Kẹta jáde ní Leicester ní 2012, DNA tí ń gba ọ̀dọ̀ ìyá bá ti àwọn ìbátan rẹ̀ mu, ṣùgbọ́n èyí tí ń gba ọ̀dọ̀ bàbá kò bá ti àwọn ọkùnrin tí ìwé sọ pé àtọmọdọ́mọ Duke karùn-ún ti Beaufort ni wọ́n mu, bẹ́ẹ̀ ni ìwé sọ pé Ọba Edward Kẹta ni baba ńlá gbogbo wọn. Ibì kan wà nínú ìlà náà tí bàbá orí ìwé kì í ti í ṣe bàbá ọmọ. Ní 2016, nínú ọ̀ràn ìdílé Pringle ti Stichill ní Scotland, tí oyè baronet wọn ti wà láti 1683, ìgbìmọ̀ onídàájọ́ Privy Council gba DNA ní ẹ̀rí pé ẹni tí wọ́n kà sí baronet kẹsàn-án kì í ṣe ọmọ ẹni kẹjọ, oyè náà sì yà sí ẹ̀ka mìíràn.

Òǹtọpasẹ̀ fèsì:

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín, pàápàá Ìyá Onítàn, tí ìbéèrè wọn lórí 1540 kò jẹ́ kí n sùn. Mo wá orúkọ bàbá bàbá náà nínú àkójọ Kew, mo sì rí ìwádìí lẹ́yìn ikú rẹ̀, èyí tí wọ́n ṣe ní 1561. Ọmọ rẹ̀ tí àtẹ 1619 dárúkọ náà ni wọ́n kọ sílẹ̀ ní àrólé, ẹni ọdún 26 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ilẹ̀ tí ìwé ọ̀rúndún 19 ní jagunjagun 1066 fi sílẹ̀ fún wọn, ilẹ̀ àwọn mọ́ńkì ni títí di 1539. Ọwọ́ ọba ni ọkùnrin náà ti rà á.

Mo ti yọ ìran mẹ́rìnlá kúrò lórí àtẹ mi. Inú mi bàjẹ́ díẹ̀ ní ọjọ́ àkọ́kọ́, n kò ní parọ́. Ṣùgbọ́n nínú ìwé ìhágún ọkùnrin tí ó ra ilẹ̀ náà, ó fi owó sílẹ̀ fún ìjọ kan ní Coventry, “níbi tí wọ́n sin bàbá mi sí”, ó sì pe ara rẹ̀ ní oníṣòwò irun àgùntàn. Coventry ni mo ń lọ báyìí.

Ìyá Onítàn fèsì:

O káre, ọmọ mi. Bí o bá dé ibẹ̀, má fi ìwé ìjọ bẹ̀rẹ̀, nítorí pé bàbá yẹn ti lè kú ṣáájú 1538. Ìwé àwọn ẹgbẹ́ oníṣòwò ìlú náà àti ìwé ìhágún ni kí o kọ́kọ́ béèrè.